Bátìrì Tó Ti Kú Kò Tíì Kú Tán: Bí A Ṣe Lè Palẹ̀ Rẹ̀ Mọ́ Láì Ṣe Ara Wa Ní Jàǹbá

  

Nígbà tí a ń tún mọ́sáláṣí wa ṣe de oṣù Ràmàdánì, a kó gbogbo ẹrù inú yàrá ẹ̀yìn jáde. A bá garawa kan níbẹ̀ tó kún fún bátìrì àlòkù. Ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a fi ń ṣe wáàsí kiri àdúgbò wà níbẹ̀, ti aago ara ògiri wà níbẹ̀, ti tọ́ọ̀ṣì àwọn tó ń jí wa fún sààrì náà wà níbẹ̀. Bátìrì inverter kan tó ti wú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ilé. Òmíràn ní kí a kúkú dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ kòtò yẹn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí kànga tí a ti ń pọn omi àlùwàlá.

Ibi tí a ti ń jiyàn ni a ti rí ọmọ ilé kéú kan lábẹ́ igi. Ó ti fi òkúta fọ́ bátìrì kan, ó ń po ìyẹ̀fun dúdú inú rẹ̀ mọ́ omi. Ó ní tàdáwà ni òun fẹ́ fi ṣe, kí òun lè fi kọ wàláà òun.

A kò nà án, nítorí àwa àgbà ló kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gún ìyẹ̀fun inú bátìrì pọ̀ mọ́ ewé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a fi kun pátákó ìkọ̀wé kó lè dúdú. Àwa náà ni a máa ń sá bátìrì tọ́ọ̀ṣì sóòrùn, tí a máa ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè tún tàn díẹ̀ sí i. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni a fẹ́ sọ lónìí: bátìrì tó ti kú kò tíì kú tán. Iná inú rẹ̀ ló rẹ̀. Àwọn ohun tó lè pani lára nínú rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá nílẹ̀ Ìkálẹ̀

Gbogbo wa la mọ iye ọdún tí ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Láti Òkìtìpupa dé Ìlútitun, dé Òde-Ayé, dé Òde-Ìrèlè, ọmọ wà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sì jáde láì rí iná ìjọba nínú ilé bàbá rẹ̀. Nítorí náà, bátìrì ló di iná wa. Kò sí ilé tí kò ní tọ́ọ̀ṣì, rédíò, àtùpà tí à ń ṣáàjì, power bank, tàbí bátìrì sólà àti ti inverter. Ohun tí a bá sì rà lọ́pọ̀, àlòkù rẹ̀ yóò pọ̀.

Ilẹ̀ wa tún jẹ́ ilẹ̀ olómi. Kànga wa kì í jìn púpọ̀, òjò wa sì máa ń pẹ́. Ohun tí a bá jù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé lónìí, àgbàrá lè gbé e dé ibi tí aládùúgbò wa ti ń pọnmi lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo bátìrì ni ewu rẹ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n bí ewu wọn ṣe yá tó. Èyí tó lè ba ọ̀nà ọ̀fun ọmọ jẹ́ láàárín wákàtí méjì ni a ó fi ṣáájú.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi kọ́bọ̀

Bátìrì yìí kéré, ó ń dán, ó sì máa ń wu ọmọdé. Ó wà nínú rìmóòtù mọ́tò, nínú aago ọwọ́, nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin, nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ara gbígbóná àti èyí tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó tún wà nínú ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi bọ ìka láti ka tẹ́sìbáà, èyí tí wọ́n sábà máa ń pín níbi ìsọmọlórúkọ àti Máólúdì.

Bí ọmọ bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, omi ara yóò jẹ́ kí iná máa gba inú ẹran ara ọmọ kọjá láti apá kan bátìrì sí èkejì. Iná yìí yóò sọ omi ibẹ̀ di ohun kan náà pẹ̀lú sódà líle tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ mọ ohun tí sódà yẹn ń ṣe fún ọwọ́. Láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Ó lè dá ihò sí i. Ó sì ti pa àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tó fẹ̀ tó 20 mìlímítà ló burú jù, nítorí pé ó máa ń há. Kò sì dìgbà tó bá jẹ́ tuntun. Èyí tí kò lè gbé aago mọ́ ṣì ní iná tó lè jó ọmọ.

Àwọn àmì rẹ̀ ni itọ́ tó ń dà ṣùrùṣùrù, ikọ́ òjijì, èébì, àyà dídùn àti kí ọmọ kọ oúnjẹ. Nígbà mìíràn kò ní sí àmì kankan. Bí ẹ bá rí i pé bátìrì kan kò sí nínú ohun ìṣeré, tí ẹ sì fura sí ọmọ, ẹ má dúró wo àmì.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè ya X-ray. Ẹ sọ fún dókítà pé, “Bátìrì ni a rò pé ó gbé mì,” kí wọ́n má baà rò pé kọ́bọ̀ ni. Bí wọn kò bá ní irinṣẹ́ láti yọ ọ́ níbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè darí yín síbi tí wọ́n ti lè ṣe é.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ ọmọ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má sì fún un ní epo pupa. A mọ̀ pé ilẹ̀ epo ni ilẹ̀ wa, a sì mọ̀ pé epo ni àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń sáré mú bí ọmọ bá jẹ ohun burúkú. Epo kò ran ti bátìrì. Ó kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí ohun mímu mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀, oyin ni. Ọlọ́hun ti sọ fún wa nínú Súrà An-Nahl pé ìwòsàn wà nínú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé oyin máa ń dín jíjó yìí kù títí a ó fi yọ bátìrì náà. Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, tó sì lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tó gbé bátìrì náà mì, ẹ lè máa fún un ní ṣíbí kékeré 2 ní ìṣẹ́jú 10-10, kó má ju ìgbà 6 lọ. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti máa fún un. Ẹ má tìtorí oyin pẹ́ nílé. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, nítorí pé ó lè kó àìsàn mìíràn bá a.

Bí ó bá jẹ́ imú tàbí etí ni ọmọ ki bátìrì bọ̀, ẹ má kán epo tàbí omi sí i. Ilé ìwòsàn náà ni.

Bátìrì olójé: ti mọ́tò, ti inverter, ti àtùpà

Òjé ni irin wúwo tó wà nínú bátìrì mọ́tò, nínú ọ̀pọ̀ bátìrì inverter àti ti sólà. Ọ̀pọ̀ àtùpà àti fáànù tí à ń ṣáàjì ní tiwọn nínú, wọ́n kàn kéré ni. Ewu òjé kì í yá bíi ti bátìrì pẹlẹbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kò sì ní òórùn, kò ní adùn tí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Eruku rẹ̀ máa ń bá ọwọ́ wọ ẹnu, ó máa ń bá èémí wọlé, ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọ inú ilé. Ara wa á ṣì í mú pọ̀ mọ́ èròjà tó ń gbé egungun ró, á sì kó o pamọ́ sínú egungun. Láti ara aboyún ó lè dé ara ọmọ inú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè ṣe ara ní jàǹbá, àti pé ara ọmọdé lè gbà á tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń kọlù. Ọmọ tó já fáfá lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro láti kọ́ ní ẹ̀kọ́, kí a máa sọ pé olódo ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer, àdúgbò kan ní Dakar, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fọ́ bátìrì mọ́tò níbẹ̀, títí òjé fi wọ inú yanrìn. Nígbà tí owó òjé gbówó lórí, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wa yanrìn yẹn. Wọ́n ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n ń di òjé rẹ̀ sínú àpò, àwọn mìíràn ń gbé e wọ inú ilé, àwọn ọmọ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láàárín oṣù November 2007 sí March 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń wá. Wọn kò mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń jọ̀ nínú asẹ́.

Kí a má rò pé ó jìnnà sí wa. Ní Ògíjó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, àwọn oníròyìn The New York Times àti The Examination ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70 tí wọ́n ń gbé tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní November 2025 sọ pé nínú ènìyàn 10, ẹ̀jẹ̀ 7 ló ní òjé tó lè ṣeni ní jàǹbá. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yíyọ́ òjé kan tí wọ́n yẹ̀ wò tó bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn.

Bátìrì tí a tà fún ẹni tó ń kiri ra irin àlòkù lẹ́nu ọ̀nà wa lè parí ìrìn àjò rẹ̀ ní irú ibẹ̀. Àwa kọ́ ni a ó tún gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá wa wà lọ́wọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì nínú ọgbà yín, kí ó sì da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́. Òjé wà nínú ásíìdì yẹn, ilẹ̀ ibi tó dà á sí ni àwọn ọmọ yín yóò máa ṣeré lórí rẹ̀. Ẹ má yọ́ òjé bátìrì nílé láti fi ṣe òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan ní ọ̀nà odò. Ìkòkò tí a bá fi yọ́ ọ kò tún yẹ fún ọbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ gbé bátìrì náà ní odidi, ní ìnàró, padà fún ẹni tí ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbà á, tí wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ kúrò lára owó tuntun. Ẹ̀yin ríwáyà àti ẹ̀yin tó ń ṣáàjì bátìrì, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ìta, ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó gbé ọmọ yín. Ẹ má jẹun níbi iṣẹ́ láì wẹ ọwọ́.

Bátìrì fóònù àti power bank

Lithium ni ti àwọn wọ̀nyí, iná sì ni ewu wọn. Bí a bá gún un, tí a tẹ̀ ẹ́ tàbí tí a sọ ọ́ sínú oòrùn gbígbóná, ó lè gbiná lójijì. Èyí tó bá ti wú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ yé ṣáàjì rẹ̀, ẹ gbé e sínú agolo tí a da yanrìn gbígbẹ sí, kó jìnnà sí ibùsùn àti kẹrosíìnì, títí ẹ ó fi gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a pa àtùpà kí a tó sùn, kí eku má baà fa òwú rẹ̀ jó ilé mọ́ wa lórí. Power bank tí a fi sí abẹ́ ìrọ̀rí tó ń gba iná mọ́jú kò yàtọ̀ sí àtùpà yẹn.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti rédíò

Èyí ló pọ̀ jù nílé wa, òun ni ewu rẹ̀ sì kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò sọ pé kó má ní. Irin zinc ni ara rẹ̀, manganese àti èédú ni dúdú inú rẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú tọ́ọ̀ṣì, á jò, omi rẹ̀ á sì ba tọ́ọ̀ṣì jẹ́, á sì ta ọwọ́ àti ojú. Bó bá wọ iná, ó lè bú gbàmù, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra kí ó má bá pàǹtí wọ abẹ́ ààrò tí ẹ fi ń yan púpurú tàbí tí ẹ fi ń se epo.

Ohun tí a ṣe sí garawa yẹn

A kò da ohunkóhun sínú kòtò. A wọ ìbọ̀wọ́, a sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìpín mẹ́rin bí a ṣe tò wọ́n sókè yìí. Bátìrì inverter padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta tuntun fún wa. A fi sẹ́lótéèpù di ojú méjèèjì àwọn bátìrì pẹlẹbẹ kí ọmọ tó bá he é má tètè jó, kí wọ́n má sì máa ta iná sí ara wọn. A dì wọ́n sínú ìgò onídèérí líle, a sì gbé e sókè. Bákan náà ni a fi sẹ́lótéèpù di ẹnu ti fóònù, a sì ya wọ́n sọ́tọ̀ sínú agolo oníyanrìn, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà ní Èkó tó ń gba irú wọn. Àwọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì wà nínú ike gbígbẹ onídèérí nínú ọ́fíìsì mọ́sáláṣí.

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ike kan ti tó, kó gbẹ, kó ní ìdérí, kó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bó bá kún, ẹ gbé e wá sí ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń kó o jọ, ìyẹn mọ́sáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù yín. Àlòkù tó pọ̀ ló ń rí ẹni gbé e dé ìlú ńlá, ìkan ṣoṣo kò lè rí. Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn fún ti tọ́ọ̀ṣì, kó bá pàǹtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń kó lọ, nínú ike tí a dé pa. Kó má wọ kànga, kó má wọ odò, kó má wọ iná.

Ẹ tún jẹ́ kí a dín iye tí à ń rà kù. A ti ra bátìrì tó ṣe é ṣáàjì fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí báyìí. Ẹ má da ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun nínú tọ́ọ̀ṣì kan, torí pé èyí ló máa ń tètè mú wọn jò. Kí ẹ tó ra ohun ìṣeré, ẹ wo ibi tí bátìrì rẹ̀ wà. Èyí tí kò ní ìṣó lẹ́nu, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì tijú láti bi àwọn òǹtajà bóyá wọn yóò gba àlòkù. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin ìdarí bátìrì jáde lábẹ́ àjọ NESREA. Òfin náà gbé ẹrù àlòkù lé àwọn tó ń ṣe bátìrì àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí. Kì í ṣe títà nìkan ni iṣẹ́ wọn, gbígbà á padà náà wà níbẹ̀. Òfin tí a kò bá béèrè fún, inú ìwé ló máa wà.

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé Ànábì wa ka mímú ohun tó lè ṣeni ní jàǹbá kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ó sì kìlọ̀ fún wa kí a má ba ibi tí àwọn èèyàn ti ń pọnmi jẹ́. Ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ wa náà jẹ́ àmánà. Ọmọ tó fẹ́ fi bátìrì ṣe tàdáwà ti gba tàdáwà gidi lọ́wọ́ àáfà rẹ̀, òun ló sì ń ṣọ́ ike bátìrì báyìí. Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ ju ti ọwọ́ rẹ̀ sí igbó, òun ló máa ń sáré pè é pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, inú ike ni ó ń lọ.”

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí Ó fi àlàáfíà sínú ilé wa, kí Ó sì jẹ́ kí omi kànga wa máa mọ́. Àmín.